Sísì Tí Mo Fọ̀ Bàjẹ́

Nílé tiwa, agolo bisikíìtì kì í sábà ní bisikíìtì nínú. Ti ìyá mi, bọ́tìnnì àti abẹ́rẹ́ ló wà níbẹ̀. Ti bàbá mi, sítáǹpù ni. Agolo pupa kan báyìí ni, ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà títí a fi sin bàbá, ibẹ̀ náà ló sì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí a lè fi ṣe nínú wa, kò sì sí ẹni tó láyà láti dà á nù.

Akọ̀wé ni bàbá mi fún àwọn tó ń ra ẹkùrọ́ ní Abẹ́òkúta láyé òyìnbó. Lẹ́tà ń ti Èkó wá, lẹ́tà ń ti Ìbàdàn wá. Tó bá ti ka èyí tó wà nínú rẹ̀ tán, á mú sísọ́ọ̀sì, á gé igun àpò lẹ́tà tí sítáǹpù wà, á jù ú sínú agolo. Kò tò wọ́n, kò lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, kò kọ ohunkóhun sí wọn. Ó kàn ń gé e ni, bí ẹni tó ń họ iṣu.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà (jọ́gíráfì ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ), mo da agolo náà sórí tábìlì ìjẹun. Mo ka 412. Ó ju ìdajì wọn lọ tó jẹ́ pé ojú ọba kan náà ló wà lára wọn: Ọba Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, onírùngbọ̀n, ẹni tó jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1910 títí di 1936. Mo yẹ̀ wọ́n wò, mo ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo pinnu láti mú ẹyọ kan nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n kó ìyókù fún ọmọ ọmọ mi kó máa fi ṣeré.

Kí n tó ṣe ìyẹn, mo ti ba nǹkan jẹ́. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kékeré ni pé tí a bá fẹ́ yọ sítáǹpù kúrò lára pépà, ká rẹ ẹ́ sómi. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, mo kó bí ogún sínú rẹ̀, mo lọ wo ẹ̀fọ́ lórí iná. Ẹ̀fọ́ náà ń fẹ́ iyọ̀, ó ń fẹ́ kí n tún fi irú sí i, kí n tó padà dé, omi inú abọ́ ti yí àwọ̀ padà. Owó ayé òyìnbó ni mo fi ń pe wọ́n: ẹ́pìnnì jẹ́ ìdajì kọ́bọ̀, tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì jẹ́ mẹ́fà, ṣílè jẹ́ méjìlá. Àwọn kọ́bọ̀ kan pupa ti bọ́ lára pépà, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Àwọn ẹ́pìnnì tí wọ́n ní àwọ̀ ewé, wọ́n wà pa. Àmọ́ sísì kan wà láàárín wọn, alálùkò, èyí tó dára jù nínú agolo náà lójú tèmi. Àwọ̀ rẹ̀ ti bá omi lọ. Ojú ọba wá rí bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọ́n gbàgbé fún ọdún méjì. Òǹtẹ̀ nìkan ló ṣú bó ṣe ṣú tẹ́lẹ̀, LAGOS, róbótó, lẹ́bàá etí.

Mo gbé e lọ bá Bàbá Oníwèé. Alàgbà ni wọ́n ní ìjọ wa, ẹ̀yìn káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n sì ti lo ìgbà èwe wọn; àwọn ọmọ ìjọ ló sọ wọ́n ní Oníwèé. Wọ́n wo sísì náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Táyọ̀, ẹ̀bìtì olè ló mú yín yìí."

Wọ́n wá là á yé mi. Ẹ wo ohun tó wà lára sítáǹpù yẹn, wọ́n ní: POSTAGE & REVENUE. Ìyẹn ni pé ẹni tó fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ lè lò ó, ẹni tó sì fẹ́ fi ṣe rìsíìtì tàbí ìwé àdéhùn náà lè lò ó. Ẹni tó fi ṣe rìsíìtì láyé ọjọ́un, gègé àti yíǹkì ló máa fi kọ ọ́ lójú. Àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ wá ń fọ yíǹkì yẹn kúrò kí wọ́n lè tún sítáǹpù náà lò lẹ́ẹ̀kejì. De La Rue, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ sítáǹpù ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, bá wá yíǹkì kan tí kì í gba ìwẹ̀: tí omi bá ti kàn án, á sá lọ. Àlùkò àti àwọ̀ ewé ni wọ́n fi yíǹkì náà tẹ̀, lórí pépà tí wọ́n fi nǹkan bí ẹfun pa lójú. Olè tó bá fọ yíǹkì kúrò, á fọ ojú ọba kúrò pẹ̀lú rẹ̀.

Èmi tí n kò jalè, tí mo kàn ń se ẹ̀fọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é látìgbà náà: mo máa ń rin tówẹ̀lì kékeré kan, màá fún un títí kò fi ní kán mọ́, màá tẹ́ pépà náà lé e, ojú sítáǹpù á wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀rinrin ti máa gun òkè dé ibi gọ́ọ̀mù. Tó bá rọ̀, ẹ má fa sítáǹpù kúrò lára pépà o. Pépà ni kí ẹ fà kúrò lára sítáǹpù. Ẹni tó bá ti ṣe òdìkejì rẹ̀ rí ti rí bí pépà sítáǹpù ṣe ń ya lẹ́yìn, kí ó wá fẹ́lẹ́ níbì kan bí ẹ̀kọ tó já.

Bàbá Oníwèé ni kò jẹ́ kí n kó ìyókù fún ọmọ. "Ṣé ẹ rí àwọn ìbejì tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì? Àlejò ò lè mọ èyí Táyé yàtọ̀ sí èyí Kẹ́hìndé. Ìyá wọn ńkọ́? Ṣé ó ń ṣì wọ́n pè ni?" Wọ́n gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi jáde nínú àpò agbádá, bí ẹni pé ibẹ̀ ló máa ń gbé lójoojúmọ́. Wọ́n to kọ́bọ̀ kan méjì síwájú mi. Mo wò wọ́n títí. Ọba, adé, irùngbọ̀n. Mo ní n kò rí ìyàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi hàn mí, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ní agolo bí irú tèmi nílé lè ṣe é láàárọ̀ yìí. De La Rue kì í gbẹ́ àwo tuntun (irin tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí láti fi tẹ sítáǹpù) fún ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwo kan ni orí ọba wà, àwo kejì ni orúkọ ìlú àti iye owó wà. Orí ọba tí ẹ̀ ń wò lára sítáǹpù Nàìjíríà, irú rẹ̀ náà ló wà lára ti Gold Coast tó di Gánà lónìí, àti ti Mauritius àti Seychelles. Orúkọ ló ń yí padà. Àwo orí ọba àkọ́kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ti Nàìjíríà ní 1914, ọdún tí Lugard so àríwá àti gúúsù pọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún orí ọba náà gbẹ́, agbẹ́nà kì í sì í gbẹ́ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó bára mu láìkù síbì kan.

Ibi mẹ́ta ni kí ẹ wò. Ní òkè, lábẹ́ orúkọ NIGERIA, ìlà méjì kan wà níbẹ̀ tó lọ kan adé lọ́tùn-ún àti lósì. Èyí ìsàlẹ̀ nínú wọn nípọn. Lára àwo àkọ́kọ́, ibi tí ìlà tó nípọn yẹn ti kan adé, wọ́n gé e dà gẹ̀ẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Olúmọ. Lára àwo kejì, wọ́n gé e gbọọrọ sísàlẹ̀ bí ara ògiri. Ibi kejì: àwọn àpótí kékeré tí POSTAGE àti & REVENUE wà nínú wọn, ẹ wo igun wọn tó wà lókè lápá inú. Ti àkọ́kọ́ ní igun gidi. Ti èkejì tẹ̀ wọnú. Ibi kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ní igun méjèèjì nísàlẹ̀, ọ̀nà kan wà tó ká kò bí ìkarahun ìgbín. Lára ti àkọ́kọ́, èéhù kékeré kan yọ síta lẹ́yìn ìgbín náà, bí èéhù ara iṣu tó ti pẹ́ nínú àká. Ti èkejì kò ní èéhù.

Bàbá sọ ti àkọ́kọ́ ní Táyé, wọ́n sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní Kẹ́hìndé. Mo bá wọn jiyàn pé nínú ìbejì Yorùbá, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní òyìnbó kò mọ ìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya Táyé kúrò lára Kẹ́hìndé. Ní ọjọ́ kìíní, orí fọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i pé tí òǹtẹ̀ bá ti bo adé, mo lè wo ìsàlẹ̀. Tó bá bo igun ọ̀tún, ti òsì á sọ̀rọ̀. Òǹtẹ̀ kì í bo gbogbo rẹ̀ tán. Ní ọjọ́ kẹta, èéhù yẹn ti ń yọ sí mi láìlo gíláàsì, mo sì ti ń rí i lára aṣọ lésì àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo rò pé mo ti ṣe tán. Bàbá ní ojú nìkan ni mo tíì wò, n kò tíì wo inú.

Inú pépà ni wọ́n ń sọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣe pépà tí wọ́n máa fi tẹ sítáǹpù, àmì kan ti wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ẹ máa ń rí tí ẹ bá gbé owó náírà sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ti sítáǹpù kì í tètè hàn. Àwo dúdú kan ni mo ń lò, èyí tí mo ń da ẹ̀pà sí tẹ́lẹ̀. Ẹ ó da ojú ọba bolẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ó kán epo láítà díẹ̀ sí i lẹ́yìn, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì jìnnà sí iná o. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àmì náà á jáde: adé, lábẹ́ rẹ̀ ni lẹ́tà C àti A, ó ń tún ara rẹ̀ ṣe káàkiri pépà. Crown Agents ni CA dúró fún, àwọn aṣojú ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bá àwọn ìlú abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ra nǹkan nígbà náà. Lẹ́yìn náà epo á gbẹ, àmì á pòórá, sítáǹpù á sì wà bó ṣe wà.

Tí C àti A bá jẹ́ lẹ́tà ńlá tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, pépà ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, láti 1914. Tó bá jẹ́ pé ó rí bí ìkọ̀wé ọwọ́, C náà gun, A náà tẹ̀, pépà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1921 ni. Tíṣà ni mí. Ọdún 31 ni mo fi ń dá ìkọ̀wé mọ̀, nítorí náà ibi yìí kò fún mi ní wàhálà. Ẹ́pìnnì tó wà lórí pépà kejì yìí nìkan, mo bá Táyé nínú rẹ̀, mo sì bá Kẹ́hìndé. Ohun tí mo fẹ́ kó fún ọmọ ṣeré nìyẹn.

Lórí àwọ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi. Ìyá ìyá mi jẹ́ aláró ní Ìtòkú. Mo mọ̀ pé aró tí wọ́n rẹ lónìí kọ́ ni aró ọ̀la bó tilẹ̀ jẹ́ ìkòkò kan náà, pé aṣọ tó kọ́kọ́ wọlé àti èyí tó wọlé kẹ́yìn kì í jáde bákan náà. Nítorí náà, nígbà tí Bàbá ní kí n to àwọn tọ́rọ́ jọ, àwọn tí pépà wọn ní àwọ̀ ìyeyè, kí n sì yí gbogbo wọn padà, mo ti mọ ohun tí mo ń wá. Àwọn kan funfun lẹ́yìn: ojú nìkan ni wọ́n kùn. Àwọn kan, àwọ̀ ìyeyè náà wọ̀ wọ́n lára já. Àwọn kan ṣú, ó kù díẹ̀ kí wọ́n di àwọ̀ ọsàn, pépà wọn sì nípọn. Ti ṣílè kan tún ju ìyẹn lọ. Dúdú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lórí pépà aláwọ̀ ewé, tí ẹ bá sì tò wọ́n sílẹ̀ ní ojú, ẹ ó ní ẹyọ kan ni. Ẹ yí wọn padà. Èyí funfun, èyí jẹ́ ewé tuntun, èyí dà bí ewé tó ń gbẹ lọ, èyí ń dán yanran. Mo ní mẹ́rìnlá, ọ̀nà mẹ́rin ni ẹ̀yìn wọn pín sí.

Ogun wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Jámánì ni àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú aró wọn kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Nígbà tí ogun dé, wọn kò lè rà á mọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń lò. Ìyá ìyá mi ìbá ti wo ẹ̀yìn ṣílè yẹn lẹ́ẹ̀kan kó ní, "Ẹ̀lú ló wọ́n lọ́jà."

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má wo àwọ̀ lábẹ́ iná mànàmáná. Gílóòbù ilé mi máa ń sọ gbogbo tọ́rọ́ di ẹyọ kan. Àárọ̀ ni mo máa ń jókòó sí fàráńdà, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí oòrùn tó le. Lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná lọ, iṣẹ́ mi kì í dúró.

Mo tún máa ń gbọ́ pé àwọn kan ń fi fàdákà dán pépà wò, pé tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi ẹfun pa, fàdákà á fa ìlà dúdú sí i bíi pẹ́ńsù. Òótọ́ ni. Mo fi yẹtí mi dán an wò létí sítáǹpù kan. Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, kò parẹ́, n kò sì ṣe é mọ́.

Ọ̀rọ̀ eyín sítáǹpù, ìyẹn àwọn ihò wínníwínní etí rẹ̀, kò gba àkókò púpọ̀. Iye ihò tó bá wà láàárín sẹ̀ǹtímítà méjì ni wọ́n ń kà. Rúlà ọmọ ilé ìwé tó. Sítáǹpù Èkó ni Bàbá fi kọ́ mi, nítorí Èkó ti ní sítáǹpù tirẹ̀ láti 1874, ogójì ọdún kí Nàìjíríà tí wọ́n so pọ̀ tó ní tirẹ̀. Ọbabìnrin Fikitóríà ló wà lójú wọn. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ní eyín 12 àbọ̀. Láti 1876, ó di 14. Adé àti lẹ́tà CC (Crown Colonies) ló wà nínú pépà àwọn méjèèjì, kí CA tó gba ipò rẹ̀ ní 1882. Ẹyọ mẹ́ta ni Bàbá ní, inú Bíbélì ni wọ́n fi í sí. Nínú agolo bàbá mi, n kò rí ti Èkó kankan, àmọ́ mo rí ṣílè méjì àti sísì ti Ọba Jọ́ọ̀jì Kẹfà, èyí tó ní àwòrán ọ̀nà Victoria sí Buea, tó ti di ti Kamẹrúùnù báyìí. Méjì ni, ojú wọn kò yàtọ̀ rárá. Ọ̀kan ní eyín 14, èkejì ní 12. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Àwọn èèyàn ti gbọ́ o. Ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé òun á ra agolo náà lódindi, kí n sọ iye rẹ̀, kí n má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ kí n má baà bà á jẹ́. Ẹni tó bá ní kí o má yẹ nǹkan rẹ wò, o mọ ohun tó ń wá. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ní kò lè ra ìṣù iṣu kan. Kọ́bọ̀ kan pupa wà káàkiri ayé bí ewé. Owó ńlá ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá àwọn tó ga bíi pọ́n-ùn kan, aláwọ̀ àlùkò àti dúdú lórí pépà pupa, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀tàn pọ̀ sí: èyí tí wọ́n ti fi gègé kọ lójú fún ìwé àdéhùn, tí wọ́n wá fọ̀, tí wọ́n tún lu òǹtẹ̀ èké lé. Tí ẹ bá ti rí irú rẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ẹ rántí abọ́ omi mi.

Ọmọ ọmọ mi wá lo họlidé ní oṣù tó kọjá. Ọmọ ọdún 11 ni. Mo ti kọ́ ọ ní Táyé àti Kẹ́hìndé, ojú rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Ó ń ṣí áàbọ́ọ̀mù náà, ó dé ojú ewé kìíní, níbi tí mo fi sísì tí mo bàjẹ́ sí, tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀fọ́.

"Màmá àgbà, kí ló dé tí ẹ fi èyí síwájú? Ojú rẹ̀ ti lọ."

Mo ní kó fi í sílẹ̀, pé ìyẹn ti kú. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé gíláàsì, ó tẹ orí mọ́ ọn títí irun rẹ̀ fi bo ìwé náà.

"Èéhù wà níbẹ̀ o, Màmá. Ìgbín òsì. Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Mo fi ẹ̀mú gbé sísì náà sínú àwo ẹ̀pà, mo kán epo sí i lẹ́yìn, àwa méjèèjì sì tẹjú mọ́ ọn. Adé yọ. C yọ, A yọ, lẹ́tà ńlá, ó dá dúró gbọnin. Ọmọ náà mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sábẹ́ ohun tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀: Táyé, pépà àkọ́kọ́.